Ọmọ Tí Kò Sí Nínú Ìwé Barthélemy

Ọdún kọkànlá rèé tí ẹ̀gbọ́n mi, Ẹfúnróyè, ti ń ṣiṣẹ́ ìlera ní àdúgbò wa ní Agoè-Nyivé. Á wọ ilé dé ilé, á ka àwọn ọmọ kéékèèké, á gbé iye wọn lọ fún Barthélemy, ọ̀gá rẹ̀. Iye tó bá gbé lọ ni iye abẹ́rẹ́ tí ìjọba máa fi ránṣẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ló ń ka ọmọ fún àlejò láàárín àwa Yorùbá?

Ọ̀rọ̀ wa sú mi. Éèyi ti ń mú ọmọ ní Légbassito nítòsí wa, a sì gbọ́. Síbẹ̀, nígbà tí Ẹfúnróyè mú bíìkì ìkọ̀wé àti ìwé dé ọ̀dọ̀ Bàṣírátù, aláṣọ tó wá láti Sakété, ó ní ọmọ méjì lòun ní. Mẹ́rin ń ṣeré níwájú rẹ̀!

"Bàṣírátù, àwọn wo wá nìwọ̀nyí?"

"Màmá, a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Ẹ kọ méjì."

Ẹ̀gbọ́n mi kọ méjì. Ibi tó ti dùn mí jù nìyẹn. Ará Atakpamé ni wá, ìyá wa fi èèwọ̀ yẹn tọ́ wa, ẹnu òun náà kò gbà á láti kà wọ́n. Ó wá lọ bẹ Barthélemy pé kó fi díẹ̀ kún un. Ìyẹn, tí kò gbọ́ ju èdè Ewé àti Faransé lọ, ní, "Madame, ohun tó wà nínú ìwé ni mo mọ̀."

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ éèyi, ọ̀sán kò tíì pọ́n tí àpótí abẹ́rẹ́ fi ṣófo. Àwọn ìyá tó purọ́ ló pariwo jù. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ! Oyin, àbíkẹ́yìn Bàṣírátù, kò rí gbà. Barthélemy ní tirẹ̀ kọ̀wé pé gbogbo ọmọ tí wọ́n kà ló gbabẹ́rẹ́, ìjọba sì yìn ín.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni éèyi wọ ilé kejì sí ti Bàṣírátù. Ẹfúnróyè tún bẹ̀rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé, àmọ́ kò béèrè iye mọ́, orúkọ ló ń béèrè. Kí lorúkọ àkọ́bí? Ta ló tẹ̀ lé e? Kíá ni wọ́n ń dárúkọ wọn, torí kò sẹ́ni tó ní ká má dárúkọ ọmọ. Ọgbọ́n tó yẹ ká ti dá lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn!

Barthélemy kò tilẹ̀ ṣí ìwé orúkọ tí Ẹfúnróyè gbé lọ fún un wò. "Ó ti parí, madame. Cent pour cent, ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sọ́mọ tó kù."

Lọ́jọ́ kejì, Ẹfúnróyè mú Bàṣírátù lọ sí ọ́fíìsì Barthélemy. Ó gba Oyin lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó gbé e jókòó sórí tábìlì ọ̀gá.

"Ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ yìí kò sí."

Ọkùnrin náà wo ọmọ, ó wo ìyá. "Ọmọ mélòó lẹ ní?"

Ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ rẹ̀. Bàṣírátù di ọwọ́ Oyin mú gírígírí, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Mẹ́rin," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, mẹ́rin ni wọ́n."