Àwo Tuntun Jurandir

Nígbà tí Idiat Sàlàkọ́ gbọ́ ní ọdún 1992 pé Jurandir Prates, olórin ará Brazil, fẹ́ gbé àwo tuntun jáde, ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí ọkùnrin náà ti dákẹ́. Káyọ̀, àbúrò rẹ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì láàárín Woolwich àti Thamesmead, ló rí i nínú ìwé ìròyìn kan tí èrò gbàgbé sórí ìjókòó. Ó gé ibẹ̀, ó mú un wá fún un.

Láti Èkó ni Idiat àti Káyọ̀ ti gbé ìfẹ́ orin náà wá sí London. Bàbá wọn ń já ẹrù ọkọ̀ òkun ní Àpápá, atukọ̀ ará Brazil kan ló sì fún un ní rẹ́kọ́ọ̀dù Jurandir àkọ́kọ́. Láàárọ̀ Sátidé, bàbá á fi í sórí ẹ̀rọ, á máa fá irùngbọ̀n, á máa kọ ọ́ tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ kóró nínú èdè Potogí. Ó kú ní 1990. Idiat ò ráyè lọ sílé lọ sin ín.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni Idiat ń ṣe ní Plumstead. Á gbé wọn dìde, á wẹ̀ wọ́n, á yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì ni, síbẹ̀ bó bá ń gun àtẹ̀gùn fúláàtì rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń dúró sinmi. Kò sí ohun mìíràn tó ń wọ̀nà fún lọ́dún yẹn ju àwo náà lọ. Sátidé tí kò bá sí níbi iṣẹ́, á yà ní ṣọ́ọ̀bù orin kan ní Woolwich, ọlọ́jà á sì ní kò tíì dé. Oṣù Kẹta ni wọ́n kọ́kọ́ dá pé àwo náà máa jáde. Ó di Oṣù Kẹfà, ó di Oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n ní ara olórin náà ò yá.

Orin ijó ni Káyọ̀ ń retí. Idiat ní ohùn yẹn nìkan lòun fẹ́, kó ṣáà ti rí bó ṣe ń rí nílé àwọn.

Àwo náà dé ní Oṣù Kọkànlá, Idiat sì ra ti kásẹ́ẹ̀tì. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Idiat ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, Káyọ̀ wá bá a, wọ́n fi í sórí ẹ̀rọ. Orin kẹta ò tíì parí tí Idiat fi sùn lọ lórí àga, tòun ti kóòtù lọ́rùn. Nígbà tó máa jí, Káyọ̀ ti pa á.

“Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà,” ló wí. “Ó ti darúgbó. Ìlù ẹ̀rọ ni wọ́n fi bo ohùn ẹ̀ mọ́lẹ̀.”

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Idiat ò fọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì náà. Lọ́jọ́ Sunday, ó fi Walkman sétí, ó lọ jókòó létí omi ní ọgbà ìgbafẹ́ Birchmere Park. Òótọ́ ni Káyọ̀ sọ. Ohùn ti gbẹ. Ibi tó ti máa ń gòkè tẹ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń gbà. Nínú orin karùn-ún, ọkùnrin náà dúró láàárín ọ̀rọ̀, ó mí kanlẹ̀. Idiat mọ irú èémí yẹn. Òun ló máa ń gbọ́ bó bá ń gbé arúgbó jókòó. Ó wá rántí pé òun ò sí níbẹ̀ nígbà tí bàbá òun ń mí bẹ́ẹ̀. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó yí kásẹ́ẹ̀tì padà.

Ó fóònù Káyọ̀ nírọ̀lẹ́. “Tún un gbọ́. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Kí la fẹ́ kó ṣe?”

“Mo fẹ́ kó dà bíi ti tẹ́lẹ̀ ni.”

“Èmi náà.”

Káyọ̀ wá lọ́sẹ̀ kejì, ó gbọ́ ọ tán. Ó ní orin méjì ò burú. Wọ́n gba ẹ̀dà rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì mìíràn, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyá wọn l'Ékòó. Lẹ́tà ìyá dé ní Oṣù Kejì: òun gbọ́ ọ, ó ti rẹ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n òun ò pa á títí ó fi tán. Inú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ ni Idiat ti kà á, ó sì kọjá ibi tó yẹ kó bọ́ sí.