Ẹyẹ Inú Àlàpà

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi jókòó, ó ń wo àwòrán ẹyẹ nínú fóònù rẹ̀. Bó ṣe tẹ ọ̀kan báyìí, ohùn kan jáde, ó kúrú, ó rọlẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan súfèé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì dákẹ́. Mo gbé ife tíì mi kalẹ̀. Ó lé lọ́gọ́ta ọdún tí mo ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn.

Àdúgbò Bẹyẹrúnkà ni wọ́n bí mi sí, ní agboolé kan tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Àlàpà kan wà lẹ́yìnkùlé wa, ilé àwọn baba ńlá wa tó ti wó ku ògiri kan, tí igbó ti hù bo àwọn yàrá rẹ̀. Àwọn àgbà ní ká má débẹ̀, pé àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ kò fẹ́ ariwo. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń fà wá lọ.

Ibẹ̀ ni ẹyẹ náà wọ̀ sí nígbà òjò ọdún kan. Kò tó ìkúùkù àgbàlagbà. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí ewé tútù, ikùn rẹ̀ pọ́n bí osùn, ìrù rẹ̀ kò sì tó nǹkan, bí ẹni pé wọ́n gé e kù. Kì í gbé orí igi bí ẹ̀gà. Ilẹ̀ ló ń tọ̀, tó ń fi ẹnu tú ewé gbígbẹ wá ekòló. A ò mọ orúkọ rẹ̀. Èmi àti Ràfíátù ọ̀rẹ́ mi sọ ọ́ ní Aláṣọ Ọdún. Ìyá Ràfíátù ń rẹ aṣọ láró nínú agboolé wa, ìyẹn ni gbogbo wa fi ń pè é ní Ìyá Aláró.

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó dá, èmi àti Ràfíátù ń du okùn tí a fi ń fò. Mo fẹ́ dá ni ín, ni mo bá purọ́.

"Aláṣọ Ọdún ti yé ẹyin méjì! Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló wà."

Ojú rẹ̀ tàn. Ó fi okùn sílẹ̀ fún mi, ó sì lọ.

Mo ṣì ń fò nígbà tí mo gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí wọ́n sọ àpò gàrí kalẹ̀. Ògiri ló wó. Àwọn ọkùnrin fi ọwọ́ wú erùpẹ̀ títí wọ́n fi kan Ràfíátù. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní nǹkan kan, èmi náà ò sọ. Àmọ́ láràárọ̀ ni ẹyẹ yẹn ń ké nínú àwókù náà, tí mo ń fi ìka di etí, títí òjò fi kásẹ̀ nílẹ̀ tí ẹyẹ náà sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo dàgbà, mo lọ́kọ sí Mọ́lété. Ìgbàkígbà tí Ìyá Aláró bá rí mi, á di ọwọ́ mi mú, á ní, "Ọ̀rẹ́ ọmọ mi." Pàṣán ìbá sàn fún mi. Nígbà tó ti darúgbó, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo purọ́ ẹyin ẹyẹ fún un."

Ó fà mí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ó sọ fún mi kó tó lọ síbẹ̀," ló wí. "Mo mọ̀ pé òjò ti rin ògiri yẹn gbingbin. Àmọ́ ọwọ́ mi wà nínú aró, ọmọ náà sì ń dí mi lọ́wọ́. Èmi ni mo ní kó máa lọ. Ṣé o rò pé ìwọ nìkan ni?"

A jókòó ti ara wa, a ń dárúkọ Ràfíátù sókè, ohun tí àwa méjèèjì kò ṣe rí látọjọ́ tó ti kú.

Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sójú àlàpà náà báyìí, àwọn ayálégbé inú rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Ìyá Aláró náà ti lọ. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ti wù kó pọ̀ lọ́wọ́ mi tó, bí ọmọdé bá ń yọ mí lẹ́nu, mi ò jẹ́ sọ fún un pé kó lọ ṣeré níta. Mo máa ń sún fún un kó jókòó tì mí ni.