Obìnrin Tí Ó Kọ́ Ọmọ Rẹ̀ Ní Ọ̀rọ̀ Ẹja

Obìnrin kan wà tí ohùn rẹ̀ dùn débi pé ẹni tó bá fi ìbínú pè é lórí fóònù máa ń gbàgbé ohun tó ń bí i nínú. Olóhùn-Oyin ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ta fìríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ló gbà á, pé kó máa dá àwọn oníbàárà lóhùn. Bí fìríìjì ẹnìkan kò bá tutù mọ́, tàbí tí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá fa aṣọ ẹlòmíràn ya, òun ni wọ́n máa pè, òun ni wọ́n máa bú, òun náà ni yóò sì sọ pé, "Ẹ má bínú, sà, a máa wá nǹkan ṣe sí i."

Nígbà tó bí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ilé iṣẹ́ ní ó lè máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Inú rẹ̀ dùn kọjá sísọ. Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ rẹ̀, ọ̀nà jíjìn ló máa ń lọ, ọjọ́ méjì péré ló sì ń lò nílé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí ìyá, kò sí ìyá ọkọ nítòsí tó lè bá a gbé ọmọ dání.

Ká má parọ́, iṣẹ́ inú ilé ní adùn tirẹ̀. Kò sí pé à ń jí ní ìdájí lọ tò fún bọ́ọ̀sì mọ́. Ó lè fi aṣọ oorun ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán, kò sí ẹni tó máa rí i. Ó lè gbé ọbẹ̀ kaná láàárín oníbàárà méjì. Èyí tó dùn mọ́ ọn jù ni pé ojú rẹ̀ báyìí ni ọmọ ṣe di ẹsẹ̀ tábìlì mú, tó dìde, tó gbé ẹsẹ̀ méjì, tó sì fi ìdí jókòó gbì. Àwọn ìyá mélòó ló rí irú ìyẹn? Ẹlòmíràn ń bẹ tó jẹ́ pé ẹnu alágbàtọ́ ló ti gbọ́ pé ọmọ òun ti ń rìn.

Yàrá wọn kò tóbi. Bẹ́ẹ̀dì kan, kọ́bọ́ọ̀dù kan àti tábìlì pẹlẹbẹ kan ti gba gbogbo ibẹ̀. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé kí ariwo òpópónà má baà wọlé, ó ká aṣọ ìnura, ó tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Lórí tábìlì ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà, pẹ̀lú ẹ̀rọ etí tó ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn wá sí iwájú ètè, tó ń gbé ohùn rẹ̀ lọ.

Ní yàrá tó kọjú sí tiwọn, aránṣọ kan ń gbé, obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí ẹnu rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Òun ló sọ ọmọ náà ní Asọ̀rọ̀mágbèsì, orúkọ tí àwọn àgbà ń pe rédíò, nítorí pé rédíò kì í dúró gbọ́ èsì ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà tètè sọ̀rọ̀. Kó tó pé ọmọ ọdún méjì, ó ti ń bá ògiri sọ̀rọ̀, ó ń bá ṣíbí jà, ó ń bẹ bàtà pé kó má sunkún.

"Asọ̀rọ̀mágbèsì, ṣé ìròyìn ti parí lónìí?" ni aránṣọ máa ń bi í.

"Kò tíì parí, màmá!"

"Mo mọ̀. Bátìrì tìrẹ kì í kú."

Àmọ́ ilé iṣẹ́ ní òfin kan. Wọ́n ń gba ohùn gbogbo ìpè sílẹ̀, alábòójútó sì ń gbọ́ ọ. Bí ohùn ọmọdé bá wọ inú ìpè, àmì pupa nìyẹn. Ẹni tó bá ti gba àmì pupa mẹ́ta, iṣẹ́ ti bọ́. Olóhùn-Oyin gba èkíní nígbà tí ọmọ sunkún pé kó fún òun ní omi. Ó gba èkejì nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan ń ṣàlàyé bí fìríìjì rẹ̀ ṣe ń kùn, tí ọmọ sì pariwo láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pé, "Màmá mi, mo ti ṣe tán! Ẹ wá nù mí!"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Alábòójútó kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń pọ́n àgbà lé ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń tani.

"Ẹ̀yin màdáámú," ló wí, "oníbàárà fẹ́ gbọ́ ilé iṣẹ́. Kò fẹ́ gbọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èyí di méjì o."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín. Ẹja mẹ́rin wà nínú àpótí gíláàsì níbi tí wọ́n jókòó sí. Ọmọ kò gbójú kúrò lára wọn, ìyá rẹ̀ sì rí i pé ọ̀nà ti là.

"Wo ẹnu wọn," ló wí. "Wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gbọ́ wọn, àfi àwọn nìkan. Tí màmá bá ti gbé ẹ̀rọ sí etí, èmi àti ìwọ ti di ẹja nìyẹn. Ṣé o gbọ́?"

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti mọ ọ̀rọ̀ ẹja dunjú. Oníbàárà yóò máa pariwo sí Olóhùn-Oyin létí, ọmọ yóò sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, yóò máa fi ètè lásán sọ̀rọ̀, láìsí ohùn rárá.

Ebi ń pa mí.

Búrẹ́dì wà nínú àwo, ni ìyá yóò fi ètè dáhùn.

Mo fẹ́ bọ́tà sí i.

Má fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀.

Lẹ́yìn náà yóò yí ẹnu padà sí ọ̀pá ẹ̀rọ etí, yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà, mo ń gbọ́ yín." Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é báyìí, àmì pupa kẹta kò sì dé. Orí Olóhùn-Oyin ń wú. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti rí ohun tí àwọn ìyá yòókù ń wá, iṣẹ́ lọ́wọ́ kan, ọmọ lọ́wọ́ kejì.

Aránṣọ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan. "Ilé yín ti dákẹ́ jù. Rédíò wa dà?"

"Ó ti mọ iṣẹ́ ni, màmá."

"Ọmọ ọdún mẹ́rin mọ iṣẹ́? Iṣẹ́ ta ni?"

Olóhùn-Oyin rẹ́rìn-ín, ó wọlé, oníbàárà ti ń pè.

Nígbà tí ọmọ pé ọdún márùn-ún, ó wọ ilé ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tíṣà rẹ̀ ní kí ìyá rẹ̀ dúró díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ọmọ yín ń gbọ́ràn dáadáa? Láti ọjọ́ tó ti dé, a kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀."

"Ọmọ tèmi?" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá. "Ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n ni. Ó ń bá mi rojọ́ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀!"

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ọmọ gbójú sókè wò ó, ó sì fi ètè sọ pé, Màmá, tíṣà yẹn dáa.

Ìyá dúró láàárín títì. Kò sí ẹ̀rọ ní etí rẹ̀. Kò sí oníbàárà kankan.

"Fi ohùn sọ ọ́," ló wí.

Ọmọ tún un sọ, ó ń la ẹnu díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣàlàyé fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kò tètè yé. Kò sí ohùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Olóhùn-Oyin gbìyànjú láti rántí ìgbà tó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó rántí ohùn ọkùnrin kan tó máa ń wúkọ́ kó tó sọ orúkọ ara rẹ̀, ìpè ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó rántí obìnrin tó ń sunkún nítorí ẹran tó bàjẹ́. Ti ọmọ rẹ̀ kò wá. Bí ọmọ náà bá ṣubú, omi lásán ló ń dà lójú rẹ̀.

Ó rìn ín ní ẹ̀gbẹ́, ọmọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dún. Ó fi súìtì bẹ̀ ẹ́, ó gba súìtì, ó fi ètè dúpẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ó mú un lọ sí pápá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ó ní kí àwọn jọ pariwo. Òun ló kọ́kọ́ pariwo. Ọkùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá bọ́ sílẹ̀, ó ní ṣé wọ́n jà á lólè ni. Ọmọ la ẹnu gbàgà, iṣan ọrùn rẹ̀ le, èémí nìkan ló jáde. Ó wo ojú ìyá rẹ̀ bóyá òun ṣe é dáadáa.

Dókítà yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. "Ohùn rẹ̀ wà. Ó ti kọ́ láti máa fi í pa mọ́ ni. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ sókè láti àárọ̀ di alẹ́, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kó máa gbé nínú ilé tí ariwo kò ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀."

Olóhùn-Oyin pe alábòójútó. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun padà sí ọ́fíìsì.

"Ọ́fíìsì wo, màdáámú? A ti dá ilé náà padà fún onílé. Èmi gan-an, kíṣìnì ni mo wà báyìí."

"Ẹ fi mí sídìí lẹ́tà, kí n máa kọ èsì."

"Kọ̀ǹpútà ló ń fúnra rẹ̀ kọ èsì báyìí. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, ta ló ní ilé tó parọ́rọ́ bíi tiyín? Ìpè yín la fi ń kọ́ àwọn tuntun. A máa ń sọ fún wọn pé, ẹ gbọ́ bó ṣe yẹ kí ilé olómọ rí."

Ó pe ọkọ rẹ̀. Ọkọ̀ ti dákú sójú ọ̀nà, ó ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti oṣù kan sẹ́yìn. "Tí o bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí la máa jẹ?" ló bi í. Kò fi ìbínú bi í. Lẹ́yìn náà ó ní kó gbé fóònù fún ọmọ. Ọmọ gbé e sétí, ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ fún bàbá rẹ̀, bàbá sì ń pè, "Háló? Háló?"

Ọ̀gá ilé ìwé ló wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Ní òpin sáà, ọmọ kọ̀ọ̀kan máa sọ orúkọ rẹ̀, á sì ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá. Bí ọmọ yìí kò bá lè ṣe é, àfi kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwé àwọn tí kì í sọ̀rọ̀, tó wà ní ìlú mìíràn. Ibẹ̀ ni yóò máa sùn, ibẹ̀ ni yóò máa jí. Bẹ́ẹ̀ torí kó má baà fi ọmọ sílẹ̀ ni ìyá yìí ṣe gba iṣẹ́ sílé.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ìyá gba àyè wákàtí méjì lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ dúró níwájú tábìlì ọ̀gá pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun.

"Kí ni orúkọ rẹ?"

Ọmọ dáhùn. Ìyá rí orúkọ náà lórí ètè rẹ̀, ó pé pérépéré.

"Ó ti sọ ọ́, mà."

"Mi ò gbọ́."

"Ẹ wo ẹnu rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ó ń kà á. Ó ti dé ẹ̀fà. Ó ti dé ẹ̀wá, mà!"

Ọmọ kò dúró ní ẹ̀wá. Ó kà á dé mẹ́tàlélógún kí inú ìyá rẹ̀ lè dùn. Ọ̀gá ilé ìwé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Kì í ṣe èèyàn burúkú.

"Mo gbà pé ó mọ̀ ọ́n," ló wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ mọ́kànlélógójì ló wà ní kíláàsì kan. Tíṣà kò lè máa wo ẹnu ọmọ kan ṣoṣo. Ẹ má bínú." Ó fa ìwé lẹ́tà jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí wákàtí méjì pé nígbà tí wọ́n délé. Olóhùn-Oyin gbé ẹ̀rọ sétí láìbọ́ bàtà. Ọkùnrin kan ló pè, fìríìjì rẹ̀ ń jò sílẹ̀. Bó ti ń ṣàlàyé lọ, Olóhùn-Oyin fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó gbé e lé itan, ó yí ọ̀pá ẹ̀rọ náà sí ẹnu ọmọ.

"Sọ̀rọ̀, ọmọ mi," ló wí sókè, tí oníbàárà ń gbọ́. "Sọ ohunkóhun. Pariwo. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹ!"

Ojú ọmọ là. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ìyá rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó fẹ́ ti ọwọ́ bọ iná. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì bo ìyá rẹ̀ lẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an.

Ẹ dákẹ́, màmá, ni ètè rẹ̀ ń sọ. Ẹ dákẹ́. Wọ́n máa lé yín.

"Háló?" ni ọkùnrin náà ń pè. "Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀ ni? Omi ti kún ilé mi o!"

Olóhùn-Oyin ká ìka ọmọ náà kúrò lẹ́nu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yí ọ̀pá ẹ̀rọ padà sí ètè ara rẹ̀.

"Mo wà níbí, sà," ló wí. "Níbo gan-an lomi ti ń jò?"

Ọmọ mí kanlẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó sì rọra lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.