Obìnrin Tó Ń Pe Ọmọ Mi Ní Ọkọ Rẹ̀

Owú tí mo jẹ nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, n kò jẹ irú rẹ̀ lórí bàbá rẹ̀ rí.

Oṣù keje ni oyún náà wà tí mo fi bí i, ní ọ̀sibítù ńlá kan ní Benin. Kí n tó rí ojú rẹ̀ dáadáa, wọ́n ti gbé e sáré lọ sí yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, wọ́n tẹ́ ẹ sínú àpótí onígíláàsì tó ń mú ara wọn móoru. Ó kéré débi pé fìlà tí mo ti hun sílẹ̀ fún un lè bò ó láti orí dé àyà. Wọ́n ní kí n má tíì fọwọ́ kàn án, pé ara rẹ̀ ṣì fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, àìsàn kì í pẹ́ gbabẹ̀ wọlé. Mo dúró sẹ́yìn gíláàsì, mo ká ọwọ́ lẹ́rán.

Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà tó ń fọwọ́ kàn án bó ṣe wù ú. Nọ́ọ̀sì ni, àgbà obìnrin, ọmọ Bìní. Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì ń sọ Yorùbá ju àwọn ọmọ Yorùbá tí a jọ ń gbé ní àdúgbò Oregbeni lọ, àwọn tó jẹ́ pé bí o bá ní kí wọ́n wá jẹun, “I dey come” ni wọn yóò fi dá ọ lóhùn. Láràárọ̀, ọmọ mi ló máa ń kọ́kọ́ lọ bá.

“Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ta ló ń bí yín nínú?”

Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan ńbẹ̀. Ìyá mi náà kì í rí ọmọkùnrin jòjòló kó má pè é lọ́kọ. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú níṣojú mi nígbà tí ọwọ́ tèmi ń yún mi lásán.

Ó rí ojú tí mo fi ń wò ó. “Ìyàwó, kí ló dé? Èmi ni ìyálé o. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé e.”

“Ẹ̀yin lẹ gbé e, mà. Èmi ni mo lóyún rẹ̀.”

“Oyún tí o ò gbé tán!”

Àwọn ìyá ọmọ yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi náà fi eyín rẹ́rìn-ín, mo sì lọ sunkún nílé ìtọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó kù tó jẹ́ tèmi ni omi ọmú mi. Màá fún un sínú ife tí wọ́n ti sè, nọ́ọ̀sì yóò sì fi sírínjì tì í sínú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ihò imú ọmọ lọ sínú ikùn. Ìyẹn gan-an, ọwọ́ tirẹ̀ náà ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Ọmọ náà ti ń gba abẹ́rẹ́ láti ìgbà tí ara rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbóná. Ara náà rọlẹ̀, ó tún padà bẹ̀rẹ̀. Ikùn rẹ̀ wú. Nígbà mìíràn ó máa ń gbàgbé láti mí, wọ́n á sì ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀ kó tó rántí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó la ẹnu bí ẹni fẹ́ sunkún, mo rí nǹkan funfun lórí ahọ́n rẹ̀ àti nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Inú mi dùn kọjá ààlà.

“Ìyálé, ẹ wá wò ó! Omi ọmú mi nìyẹn lẹ́nu ọkọ yín. Ẹ rí i pé ó mọ ìyá rẹ̀!”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ́. “Ìyàwó,” ó ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, “ibo ni omi ọmú ń gbà wọ inú rẹ̀?”

“Imú,” mo ní. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo rántí pé omi ọmú kò kan ẹnu rẹ̀ rí.

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ó pe èmi àti bàbá ọmọ, ó bi wá bóyá a ti rí búrẹ́dì tó bu rí. Ó ní irú nǹkan tó ń hù lára búrẹ́dì yẹn, ẹbí rẹ̀ kan wà tó ń gbé lára gbogbo wa, lẹ́nu àti nínú ìfun, tí kì í sì í ṣe àgbàlagbà ní nǹkan kan. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ni kò lágbára àtilé e, abẹ́rẹ́ tó ń pa àwọn kòkòrò yòókù sì tún ti fún un láyè. Ó ní bó bá ṣe ẹnu nìkan ni, ì bá rọrùn. Ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa.

“Oògùn rẹ̀ wà,” ó ní, “ṣùgbọ́n ó le. Ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Tó bá ń tọ̀ dáadáa, a jẹ́ pé ó ń gbà á nìyẹn. Tí kò bá tọ̀…” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo tábìlì.

Bàbá ọmọ lọ wá oògùn náà dé Èkó, ó gbé e bọ̀ nínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Wọ́n fi náílọ́ọ̀nù dúdú we ìgò omi oògùn náà kí ìmọ́lẹ̀ má bàa bà á jẹ́. Bó ṣe ń wọlé sí ọmọ lára ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gbogbo ara rẹ̀ tí kò tó nǹkan. Nọ́ọ̀sì gbé ẹnu sún mọ́ ojú ihò àpótí: “Ọkọ mi, rọra. Mo wà níbí.” Ọmọ náà fetí sí i. Mo rí i tí èémí rẹ̀ ń balẹ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ kó yè, mo sì fẹ́ kó jẹ́ ohùn tèmi ni yóò tẹ̀ lé padà wá.

Lọ́jọ́ kejì, ìlédìí rẹ̀ gbẹ láti àárọ̀. Dókítà wá wò ó, ó lọ, ó tún padà wá. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì ní kí n fọ ọwọ́ mi dé ìgunpá, kí n ki ọwọ́ bọ inú àpótí, kí n gbé ìdí ọmọ sókè kí òun lè pààrọ̀ aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ kàn án nìyẹn. Kò wúwo ju ẹyẹlé lọ. Lójijì, nǹkan kan lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ṣàn dé ọrùn ọwọ́.

“Ìyálé! Ó tọ̀ sí mi lọ́wọ́!”

“Ìwọ? Pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe ń tọ́jú rẹ̀?”

“Èmi ni o! Kì í ṣe ẹ̀yin!”

Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pariwo pe dókítà. N kò fẹ́ nu ọwọ́ náà.

Oògùn náà pẹ́ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń tọ̀ títí a fi gbé e lọ sílé. Nígbà tó sanra, tí ọrùn rẹ̀ ti le, mo wọ aṣọ tuntun tí mo rà ní Ọjà Ọba fún un, mo pọ̀n ọ́n lọ sí ọ̀sibítù. Mo ti ń ro ohun tí màá sọ fún obìnrin yẹn lọ́nà, kó lè mọ ẹni tó ni ọmọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sórí àpótí kan náà nígbà tí mo débẹ̀. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó rí bíńtín. Ìyá rẹ̀, ọmọdébìnrin kan, dúró sẹ́yìn gíláàsì, ó ká ọwọ́ lẹ́rán.

“Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀ o. Ta ló ń bí yín nínú?”

Owú náà tún gbé mi, ṣùgbọ́n nítorí ọmọ mi ni lọ́tẹ̀ yìí. Ṣé kíá báyìí ni obìnrin yìí ti fẹ́ ẹlòmíràn?

“Ìyálé,” mo pè é láti ẹnu ọ̀nà, “ọkọ yín àkọ́kọ́ rèé o!”

Ó jáde wá. Bí ọmọ mi ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀, ó yí orí pa dà ní ẹ̀yìn mi, ó ń ta ẹsẹ̀. Mo tú ọ̀já, mo gbé e fún un. Ó gbá a mọ́ra, ó di ojú rẹ̀ méjèèjì.

Mo mú sùúrù díẹ̀.

“Ó tó, mà,” mo ní. “Ẹ gbé e wá.”