Ìwé Tí A Fọwọ́ Sí Nítorí Ẹ̀kọ́ Sìdíkátù

Lánàá, mo ra àtíẹ́kẹ́, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àti ẹja díndín ní ẹgbẹ̀rún kan fáràńkì ní Marcory, ẹja náà kò sì gùn ju ìka mi lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Abidjan, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, àádọ́ta fáràńkì péré ni mo fi ń jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, ẹja á sì bo àwo. Owó ọkọ̀ gbàkà láti ilé mi dé Adjamé nígbà náà kò ju owó omi inú ọ̀rá òní lọ. Àwọn ọmọ mi máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye nǹkan àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ sọ iye rẹ̀ gan-an ni orúkọ. Nígbà tí mo dé, orúkọ ènìyàn kò ná an ní nǹkan kan ní ìlú yìí. Ní ọdún 2000, orúkọ di ohun ọ̀wọ́n.

Ọdún náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ olùkọ́. Àwọn ológun ti gba ìjọba ní ìparí ọdún tó ṣáájú rẹ̀, ìbò sì ń bọ̀. Ogun kò tíì dé, ṣùgbọ́n a ti ń gbóòórùn rẹ̀ bí a ṣe ń gbóòórùn òjò kí ó tó rọ̀. Ní ojú pópó, wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró, wọ́n ń béèrè káàdì ìgbélùú. Bí orúkọ orí káàdì bá dà bíi ti àlejò, wọn a kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọn a wo ojú ẹni náà, wọn a tún kà á.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Adjamé, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, mo tún ń ṣe akọ̀wé fún ẹgbẹ́ àwa ọmọ Òkè-Ògùn tó ń ṣòwò ní ọjà Treichville, àwọn ará Ìgbòho, Ṣakí àti Ìsẹ́yìn. Sìdíkátù ni ó so ipò méjèèjì pọ̀ fún mi. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà la jọ ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń kọ́ kíláàsì àṣekágbá ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí. Treichville ni wọ́n bí i sí, ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Bàbá rẹ̀, Àlàájì Búsàrí, aláṣọ, ará Ìgbòho, ni ó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ wa.

Orí kan wà nínú ìwé kíláàsì náà tó dá lórí ẹfolúṣọ̀n: pé àwọn ohun abẹ̀mí ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, pé oríṣi kan lè ti ara oríṣi mìíràn jáde, àti pé a kò yọ ènìyàn sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ìjọba ló fi orí náà síbẹ̀. Ọjà ló sọ ọ́ ní "ẹ̀kọ́ ọ̀bọ."

Èmi ti bá ẹ̀kọ́ yẹn pàdé ní yunifásítì nílé. Olùkọ́ wa gbé eegun ẹran kan tó ti di òkúta sórí tábìlì, odidi ọ̀sẹ̀ kan ni a sì fi jiyàn. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ àlùfáà ìjọ, fi ìbínú jáde kúrò nínú kíláàsì. Nígbà tí a ń jẹun, ó padà wá jókòó tì mí, ó mú ẹran inú àwo mi, ó ní ìbátan mi ni, n kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Bí ìjà wa ṣe parí nìyẹn. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti Abidjan yóò ṣe parí.

Ẹgbẹ́ àwọn òbí pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Pásítọ̀ kan àti lèmọ́mù kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, ohun tí n kò rí rí nílé ẹ̀kọ́ yẹn. Pásítọ̀ ní kí ìjọba yọ orí náà kúrò nítorí Ọlọ́run ló fi erùpẹ̀ mọ ènìyàn. Lèmọ́mù ní òótọ́ ni. Sìdíkátù dáhùn pé òun kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn nípa Ọlọ́run, pé òun náà ń kírun, ṣùgbọ́n ìbéèrè ẹfolúṣọ̀n máa ń jáde nínú ìdánwò, ọmọ tí wọn kò bá sì kọ́ yóò fìdí rẹmi. Àwọn òbí kan mi orí pé ó tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà ì bá ti rọlẹ̀.

Ọkùnrin kan dìde ní ẹ̀yìn. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, kò pariwo rárá.

"Màdáámù, kí ni orúkọ bàbá yín?"

"Búsàrí."

"Ìlú wo nìyẹn ti wá?"

Sìdíkátù ní, "Ìlú yìí ni wọ́n ti bí mi."

"Bàbá yín ni mo béèrè." Kò dúró gbọ́ èsì. Ó yíjú sí gbogbo gbọ̀ngàn. "Ẹ gbọ́ o. Àlejò ló wá ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé ọ̀bọ ni wọ́n."

Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ nípa erùpẹ̀ mọ́. Mo rí pásítọ̀ tó tẹ orí rẹ̀ ba. Lèmọ́mù rọra dìde, ó gbá agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó jáde. Òun náà mọ̀ pé wọn kò ní pẹ́ béèrè bàbá tirẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí rédíò. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́: kí Sìdíkátù wá sọ tẹnu rẹ̀, kí ó sì mú ẹ̀rí wá pé àwọn ará àdúgbò fẹ́ ẹ. Bí kò bá rí ẹ̀rí, wọn yóò gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ ìwé àtìlẹ́yìn fún un, mo sì gbé e yí ká láàárín àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ọ̀kan ní orí ń fọ́ òun. Òmíràn ní ìyàwó òun kò ní gbà. Ẹni kẹta kan sọ òótọ́: "Gàníyù, o kò rí bí ìlú ṣe rí ni?"

Mo gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn mi. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ọjọ́ Àìkú, a péjọ sí àgbàlá Àlàájì Búsàrí.

Àlàájì ní, "Gàníyù, ṣé lóòótọ́ ni ọmọ mi ń sọ pé ọ̀bọ ni bàbá bàbá mi?"

"Rárá o, Àlàájì. Ó ní ìbátan wa ni, láti ìgbà pípẹ́ ṣẹ́yìn."

"Ìyẹn ló wá burú jù. Àwọn ìbátan tí mo ní ní Ìgbòho ti tó mi."

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Sìdíkátù kò rẹ́rìn-ín. "Papá, inú pírógíráàmù ẹ̀kọ́ ìjọba ló wà. Èmi kọ́ ló ṣe é."

"Dákẹ́. N kò gbà á gbọ́, n kò sì ní gbà á gbọ́ láé. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ọ, ẹnikẹ́ni kò ní torí orúkọ mi lé ọ níbi iṣẹ́. Gàníyù, mú ìwé wá. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ọlọ́run ló dá wa, kí o tó kọ ohun tó kù."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń fọwọ́ sí ìwé, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Nínú ẹgbẹ́ wa, orúkọ lásán kò tíì jẹ́ orúkọ. A ń kọ ìlú ẹni náà sí i, a ń kọ agbo ilé rẹ̀, a sì ń kọ nọ́ḿbà ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà, kí a lè mọ ibi tí a ó ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá ṣe é. Àgbà ló ń ṣáájú, èwe ló ń tẹ̀lé e. Akọ̀wé kì í fi orúkọ tirẹ̀ sí i. Ọwọ́ tó fi kọ ọ́ ti tó. Èmi náà tún fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń bá àwọn aláṣẹ yunifásítì jà nílé, wọ́n máa ń ní orúkọ ayédèrú ni a kó jọ. Mo ti búra pé ẹnikẹ́ni kò tún ní sọ bẹ́ẹ̀ sí ìwé mi mọ́.

Ènìyàn mọ́kànlélógójì ló fọwọ́ sí i. Ìyá Rúkáyátù nìkan ni kò ṣe é, ará Ṣakí tó ń ta abọ́ ní Treichville.

Ó ní, "Olùkọ́, kà á sí mi létí." Mo kà á. "Ó dùn gan-an. Ọ̀dọ̀ ta ni yóò sùn sí?"

"Ọ́fíìsì ìjọba ni, Ìyá."

"Orúkọ mi, ilé mi, ìsọ̀ mi, gbogbo rẹ̀ nínú ìwé kan, n kò sì mọ ẹni tí yóò gbé e sùn. Ẹ dárí jì mí. Màá bá Sìdíkátù ṣàdúà."

Mùfútáù, aláṣọ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá, ẹ̀rù ọ̀bọ ń bà yín ni?"

"Ọ̀bọ kì í kàwé," ó ní. "Ènìyàn ló ń kà á."

Ní ọ́fíìsì, wọ́n gbọ́ ẹnu Sìdíkátù, wọ́n wo ìwé wa, wọ́n sì ní kí ó padà sí kíláàsì rẹ̀. Orí ẹfolúṣọ̀n kò kúrò nínú ìwé. Sìdíkátù dì mọ́ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sunkún, ó ń pè mí bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò bàbá ní Abidjan. "Tọ́ntọ́n, a ti borí!" Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé ọjọ́ ìpàdé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì akọ̀wé ọ́fíìsì, ìwé wa wà níwájú rẹ̀. Ó ń fi itọ́ ra ìka, ó ń ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dà á kọ. Nígbà tó rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọ̀gá, iṣẹ́ yín mọ́. Kò sí ohun tí ẹ kò kọ."

N kò sọ fún Sìdíkátù. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ lásán ni.

Ìbò dé, ìjà sì tẹ̀lé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a bá ìsọ̀ mẹ́ta ní fífọ́ ní Treichville. Ìsọ̀ Àlàájì Búsàrí ni àkọ́kọ́. Àwọn méjì tó kù kò sí ní ìlà kan náà pẹ̀lú tirẹ̀, ọ̀kan wà ní ẹnu ọ̀nà àwọn ẹlẹ́ja, èkejì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọjà. Àwọn ènìyàn ń sọ pé àwọn ọlọ́ṣà kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Mo lọ sílé, mo yọ ẹ̀dà ìwé náà tí mo tọ́jú. Orúkọ kìíní, orúkọ kejì, orúkọ kẹta. Ọ̀wọ̀ tí a fi fún àgbà ni wọ́n ń tẹ̀lé.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fọ́ ti ìkẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Mo ti wá mọ̀ ọ́n ṣáájú ọjà. Mo mọ ẹni tó kàn.

Mo ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kó ẹrù wọn kúrò lónìí. Wọ́n ń bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ olùkọ́ ló ta mí lólobó. Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ gbà mí gbọ́ nítorí pé olùkọ́ ni mí, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń ṣàdúà fún mi. Mùfútáù ni ẹni kẹjọ nínú ìwé.

"Ta ló sọ fún ẹ, Olùkọ́?"

"Mo gbọ́ ni."

"'Mo gbọ́' kò lè gbé aṣọ mi nílẹ̀. Sọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́, kí n kó ẹrù mi báyìí."

Ìwé náà wà nínú àpò mi. Ká ní mo yọ ọ́ fún un, á rí orúkọ rẹ̀ àti ìsọ̀ rẹ̀, ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi, á sì gbà mí gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ọjà náà á sì mọ̀. Mo fi ọwọ́ bo àpò mi, mo ní kí ó ṣáà gbọ́ tèmi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀kọ́ ọ̀bọ ti dà mí lórí rú. Ní ọjọ́ kejì, ó lọ dúró ti ìsọ̀ rẹ̀ kí ọjà tó ṣí. Wọ́n fi irin gbá a lójú.

Ìyá Rúkáyátù wá bá mi lẹ́yìn náà. "Kò kàn mí, àbí?"

"Kò kàn yín, Ìyá."

"Mo mọ̀." Ó wo àpò mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí dòní.

Kí ni a jèrè? Orí ìwé náà ṣì wà. Sìdíkátù fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ, méjì nínú wọn ti di dókítà, ọ̀kan ló ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Kí ni a pàdánù? Ìsọ̀ mọ́kàndínlógún, ojú kan, àti àgbàlá tí a ti máa ń rẹ́rìn-ín. Èyí tó kù nílẹ̀ ni òótọ́ tí n kò sọ fún Mùfútáù. Fún ìgbà pípẹ́ ni mo fi ń sọ pé ìkórìíra ló fọ́ ìsọ̀ wọ̀nyẹn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fi ọ̀nà ilé hàn án, mo sì tún mọ ibi tó ń lọ, mo dákẹ́ kí wọ́n má baà fi ìka tọ́ka sí mi. Bí ẹ bá máa gbèjà ènìyàn, ẹ gbèjà rẹ̀ gidi. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè Ìyá Rúkáyátù, kí ẹ̀yin náà sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Ẹ̀dà ìwé náà wà níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí. Àlàájì Búsàrí, ẹni kìíní, padà sí Ìgbòho, ó sì kú níbẹ̀ láàárín ọdún kan. Ẹni kejì títí dé ẹni keje, gbogbo wọn ti kú. Mùfútáù, ẹni kẹjọ, wà láàyè ní Ṣakí. Èmi yóò fi ọwọ́ ara mi gbé ohun tí mo ń kọ yìí fún un kí ẹlòmíràn tó kà á fún un. Àwọn mẹ́rìnlá mìíràn wà láàyè, mo fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn. Sìdíkátù wà láàyè, ó ti fẹ̀yìn tì. Ìyá Rúkáyátù, tí kò sí nínú ìwé, wà láàyè, ó ṣì ń ta abọ́.

Lábẹ́ orúkọ kọkànlélógójì, àyè kan ṣófo. Mo ti fi kálámù kọ ọ́ kún un lónìí: Gàníyù, ará Ìgbòho, agbo ilé Aláró, ó ń gbé ní Marcory. Ó wà láàyè.