Ọjọ́ tí Bàbá Mi Yọ Táyọ̀ Kúrò Lórí Pápá

Òórùn àdí tí wọ́n po kánfọ̀ mọ́ ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nígbà tí a ń gbé ní Àgọ́-Ìwòyè. Bàbá mi á ti jókòó sí ìloro, á máa fi í pa orúnkún tó ti ń dùn ún láti ìgbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ní yunifásítì ní ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà la ó jọ lọ sí pápá yunifásítì wa, níbi tó ti jẹ́ kóòṣì.

Bọ́ọ̀lù ọ̀hún ṣe sóńsó lójú méjèèjì bí èso kòkó. Wọ́n máa ń gbé e sáyà sáré ni, tí àwọn ẹgbẹ́ kejì á máa sáré wá gbé wọn ṣubú. Àwọn ìyá oníbúrẹ́dì ẹnu géètì a máa pariwo pé, "Kóòṣì, ṣé bọ́ọ̀lù lẹ ń kọ́ wọn ni àbí ìjàkadì?" Bàbá á bá wọn rẹ́rìn-ín, á sì wọlé lọ.

Lọ́jọ́ tí àwọn ará Ìbàdàn wá bá wa du ife, Táyọ̀, ọmọ ìlú Awà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù nínú gbogbo wọn, forí gbá ti ẹlòmíràn. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò yán-ànyán.

"Kóòṣì, ìhà wo là ń sáré lọ, sà?"

Bàbá bọ́ akoto lórí rẹ̀, ó fi í jókòó. Táyọ̀ bẹ̀bẹ̀ títí. Èrò ń hó, "Ẹ dá a padà!" Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì yunifásítì wá dúró ti Bàbá, ó ní bí a bá pàdánù, àwọn á tú ẹgbẹ́ náà ká.

Bàbá dáhùn pé, "Ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Ìyá rẹ̀ ò sí níbí, sà. Èmi ni mo wà níbí."

A pàdánù. Wọ́n bú bàbá mi títí a fi dé ilé.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá Táyọ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn wá sílé wa, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Ó ní dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti sun sínú orí ọmọ òun, pé ká ní ó tún fi gbá nǹkan lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ì bá di nǹkan mìíràn. Ó kúnlẹ̀. Bàbá yára gbé e dìde, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá, ọmọ wa ni."

Wọn kò tú ẹgbẹ́ náà ká. Bàbá gba ife lẹ́yìn ìgbà náà, ó sì kọ́ wọn títí ó fi fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ ìdágbére rẹ̀, Táyọ̀ kó ìyàwó àti ọmọ wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko.

Èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù yìí ní Òkè-Àgbò báyìí. Mo ti dàgbà ju bí bàbá mi ti wà lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ àyà mi máa ń já bí èrò bá ń pariwo mọ́ mi. Nígbà tí wọ́n ń bú bàbá mi lọ́jọ́ yẹn, ṣe ni mo fi ìró ìyá mi tó dúró tì mí bojú kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Lónìí, bí wọ́n bá pè mí ní ọmọ Kóòṣì ní ọjà tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kì í tíì pè é tán tí mo ti ń dáhùn.