Ojú-Ìwé Tí Mo Fi Pamọ́

Tí atẹ́gùn bá ti apá Kírìkírì fẹ́ wá, òórùn epo dísù láti inú àwọn táńkì ibẹ̀ ló máa ń bá wa jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Amùkòkò. Kò sí ará àdúgbò wa tí kò mọ òórùn yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tí mò ń sọ yìí, òórùn bébà tó ń jó ló borí rẹ̀. Fọ́ọ̀mù fóò ni mo wà, kó tó di pé wọ́n ń pè é ní SS, abẹ fẹ́lẹ́ sì wà lọ́wọ́ mi.

Pásítọ̀ wa ló ní kí gbogbo ọmọ ilé ìwé kó ìwé bàọ́lọ́jì wọn wá. Ó ní, "Ẹ wo àwọn tó ń fọ́ ilé ìkẹ́rù ní Creek Road. Ta ló bà wọ́n jẹ́? Tíṣà ti sọ fún wọn pé ara ọ̀bọ ni èèyàn ti ṣẹ̀ wá, pé ẹni tó bá lágbára ló máa yè. Ẹni tí ẹ bá pè ní ẹranko, ìwà ẹranko ló máa hù." Kí n má parọ́, Àmín tèmi ló ròkè jù. Èmi ni mo gba ẹ̀bùn ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi lọ́dún yẹn, orí mi sì ń wú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé abẹ lé mi lọ́wọ́, pé kí n gé orí tó sọ̀rọ̀ ọ̀bọ kúrò nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè jù ú sínú iná tí wọ́n dá sínú garawa ọ̀dà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ na ọwọ́ sórí iná náà. "Ẹni tó bá fi ewé kan pamọ́ nínú rẹ̀, kí iná yìí bá a délé."

Ìwé tèmi ni mo gé kẹ́yìn. Ní orí yẹn kan náà, ojú mi bọ́ sórí àwòrán hóró ẹ̀jẹ̀: òmíràn rí roboto, òmíràn tẹ̀ bíi dòjé. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó bá jogún irú ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ yìí lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, ibà kì í tètè pa á, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kó run láàárín wa. Ṣùgbọ́n bí irú wọn méjì bá fẹ́ra, ọmọ wọn lè jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Eegun á máa ro irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ á di yẹ́lò. Bí àbígbẹ̀yìn wa ṣe kú nìyẹn, tí màmá mi ní ayé ló pa á. Mo ká ojú-ìwé náà sínú Bíbélì mi, mo ju ìyókù síná.

Ìdí tí ẹ̀rù fi bà mí ni pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Àpápá, ń múra láti fẹ́ ẹni tó ń tẹ dùùrù fún wa. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ̀ pé àbúrò ọkùnrin náà kì í la ìgbà òjò kan já láìdùbúlẹ̀ sí ọsibítù, tí eegun á máa ro ó. Ó lè jẹ́ pé irú ẹ̀jẹ̀ yẹn wà nínú ilé wa àti nínú ilé tiwọn. Lọ́jọ́ Ajé, mo fi ojú-ìwé náà han tíṣà bàọ́lọ́jì wa ní Ajégúnlẹ̀. Ó ní, "Kí àwọn méjèèjì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Ó lè máà sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn lónìí, o gbọ́?"

Mo délé bá ẹ̀gbọ́n mi tó ń fi bàtà ìgbéyàwó rìn yí ká yàrá.

"Wetin? Kí ló dé tó o ń wò mí báyẹn?"

Mo la ẹnu. Iná inú garawa ni mo rí. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bi mí níbi tí mo ti kà á, Pásítọ̀ á gbọ́, àbùkù á sì kan èmi ọmọ tó gba ẹ̀bùn.

"Kò sí o, sístà mi. Bàtà yín mà rẹwà o."

Wọ́n ṣègbéyàwó, ọmọ wọn kejì ni àìsàn náà sì mú. Kò tíì pé ọdún kan nígbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tó ń ké tí kò gba ọmú. Ìgbà yẹn ni dókítà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí rẹ̀ wò, ẹ̀pa ò sì bóró mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Ìwọ tó o kàwé, ṣé irú nǹkan báyìí wà nínú ìwé yín?" Mo ní n ò mọ̀. Ọmọ náà kò pé ọdún mẹ́jọ tó fi lọ.

Lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kan náà kì í so ẹnikẹ́ni pọ̀ láìrí bébà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kéde rẹ̀ ni ojú máa ń tì mí. N kò di gbogbo ẹ̀bi ru Pásítọ̀, nítorí kò ka ohun tó ní kí a jó. Èmi kà á. Ó ní ojú-ìwé yẹn yóò sọ wá di ẹranko. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀bọ tó bá rí ejò a máa ké kí àwọn yòókù lè sá. Èmi rí i, mo yin bàtà.